Igi Kan Kì Í Dá Igbó Ṣe: Ìtàn Àwọn Tó Wakọ̀ La Aṣálẹ̀ Sàhárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Ṣùgbọ́n ayé ti di ayé àdáṣe. Ẹnìkan á gbé mọ́tò, á di oúnjẹ, ibùsùn àti kẹ́ẹ̀gì omi sẹ́yìn ọkọ̀, á sì dá orí kọ inú aginjù, níbi tí kò sí ọ̀dà, tí kò sí ilé epo, tí kò sí mẹkáníìkì lábẹ́ igi máńgòrò. Bí ilẹ̀ bá ṣú, inú ọkọ̀ náà ló máa sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á tún máa lọ. Àwọn òyìnbó ti sọ ọ́ di fàájì, àwọn ọmọ tiwa náà sì ti ń ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ kọ sínú ìwé ẹgbẹ́ wa lẹ́ẹ̀kan yìí ni bí irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń pa àwọn tó ń rìn ín, àti ohun tó ń kó wọn yọ.

Àríyànjiyàn ló fà á. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, ẹnìkan ní bí òun bá ti ní jíìpù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, kò síbi tí òun ò ní dé. Ẹlòmíì ní bí fóònù bá ti wà lọ́wọ́, ẹ̀rù kí ló tún kù? Mo bá lọ ka ìtàn. Ohun tí mo bá níbẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí àwọn méjèèjì ń sọ. Ìtàn fi yé mi pé kò sí ẹni tó dá aṣálẹ̀ là rí. Gbogbo ẹrù tí ẹni tó ń dá rìn ń dì sẹ́yìn ọkọ̀, ènìyàn kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dípò. Ẹ fara balẹ̀, mo ń bọ̀ wá ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé mú un wá. Láyé ogun, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yorùbá kì í dá rin ọ̀nà jíjìn. Wọn á dúró de ara wọn títí wọn á fi pọ̀ tó, kí wọ́n tó gbéra, nítorí àwọn agbénipa àti àwọn tó ń kó èèyàn lẹ́rú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Sàhárà. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn oníràkúnmí ń kó iyọ̀ àti wúrà gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀wọ́ ńlá ni wọ́n sì ń rìn. Àwọn Haúsá ń pe olórí irú èrò bẹ́ẹ̀ ní mádúgù. Ẹni tó mọ ọ̀nà wà láàárín wọn, ẹni tó mọ kànga wà níbẹ̀, ẹni tó mọ ìṣe ràkúnmí náà wà níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá ṣubú, ẹlòmíì á gbé e.

Ìgbà tí mọ́tò dé ni nǹkan yí padà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1922, Georges-Marie Haardt àti Louis Audouin-Dubreuil, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kó ọkọ̀ Citroën márùn-ún jáde ní Touggourt ní Àlùjẹ́ríà. Táyà ló wà níwájú àwọn ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì bíi ti katapílà ló wà lẹ́yìn, kí wọ́n má baà rì sínú iyanrìn. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 1923, wọ́n dé Timbuktu. Ọ̀nà tó ń gba ràkúnmí ní oṣù mélòó kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n fi rìn ín. Ariwo sọ káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí iye ọkọ̀ tó lọ: márùn-ún ni, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ẹni tó wá kọ́ àwọn yòókù bí a ṣe ń wakọ̀ nínú iyanrìn ni Ralph Bagnold, sójà Gẹ̀ẹ́sì tí iṣẹ́ gbé dé Íjíbítì ní ọdún 1926. Nígbà ìsinmi, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á gbé ọkọ̀ Ford tí kò ju mọ́tò lásán lọ, wọn á wọnú aginjù. Ní ọdún 1929 àti 1930, wọ́n gbé e wọ òkun iyanrìn ńlá tó wà láàárín Íjíbítì àti Líbíà, ibi tí àwọn èèyàn ti ń sọ pé mọ́tò kankan kò lè kọjá.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Láyé ìgbà náà, bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, omi inú rẹdíétọ̀ á hó, á di ooru, á bá afẹ́fẹ́ lọ. Nínú aginjù, omi tí mọ́tò bá mu tán ni ènìyàn kò ní rí mu mọ́. Bagnold bá fi ọ̀pá rọ́bà so rẹdíétọ̀ mọ́ agolo kan tó ní omi díẹ̀ nínú, ó de agolo náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ooru á gba inú rọ́bà wọ agolo, á padà di omi. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, rẹdíétọ̀ á fa omi rẹ̀ padà. Kò ní ṣòfò.

Táyà ńkọ́? Fọkanáísà tiwa á ní kí táyà le dáadáa. Àwọn wọ̀nyí ní rárá o: bí a bá dé orí iyanrìn, ká dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù, kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹsẹ̀ ràkúnmí. Bí a bá padà dé ilẹ̀ líle, ká fún un padà, torí táyà tó rọ̀ tí a bá fi sáré á gbóná, á sì bẹ́. Bí ọkọ̀ bá wá rì pátápátá, wọ́n ní irin gbọọrọ tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ táyà, kí ó lè rí nǹkan tẹ̀ jáde. Títí dòní ni àwọn tó ń wọ aginjù ń gbé irú rẹ̀ kọ́ ara ọkọ̀. Ní ti ọ̀nà, irin ara mọ́tò máa ń da kọ́ḿpáàsì láàmú. Nítorí náà, kọ́ḿpáàsì oòrùn ni Bagnold ń lò: abẹ́rẹ́ kan dúró lórí àwo tó ní àmì, òjìji abẹ́rẹ́ náà ni awakọ̀ ń wò.

Nígbà tí ogun àgbáyé kejì dé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí Bagnold kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan jọ ní ọdún 1940, èyí tí wọ́n ń pè ní Long Range Desert Group. Lọ́rì Chevrolet ni ọ̀pọ̀ wọn ń gùn. Inú lọ́rì náà ni oúnjẹ, omi, epo àti ìbọn wọn wà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá ń wá bàbá àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣe ilé nínú aginjù lónìí, ẹ wo ibẹ̀ yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Irin abẹ́ táyà dípò àwọn géńdé tí ì bá ti ọkọ̀. Kọ́ḿpáàsì oòrùn dípò mádúgù. Agolo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ dípò ẹni tí ì bá lọ pọnmi. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n Bagnold, òun fúnra rẹ̀ kì í fi ọkọ̀ kan ṣoṣo wọ aginjù. Ẹnìkan wà tí irin àti agolo kò lè dípò: ẹni tó mọ̀ pé ó yẹ kí o ti dé, tó sì rí i pé o kò tíì dé.

Ẹ wo Thierry Sabine. Ní ọdún 1977, ó gun alùpùpù nínú ìdíje kan láti Abidjan sí Nice, ó sì sọnù sínú aṣálẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó kú kí wọ́n tó rí i. Ìdíje ni, wọ́n mọ̀ pé ó jáde, wọ́n sì mọ̀ pé kò dé. Òun náà ló padà dá ìdíje Paris sí Dakar sílẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ gbéra ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1978.

Nínú ìdíje yẹn kan náà, ní oṣù Kìíní ọdún 1982, Mark Thatcher, ọmọ Margaret Thatcher tó jẹ́ olórí ìjọba Bìrìtìkó nígbà náà, sọnù pẹ̀lú àwọn méjì tí wọ́n jọ wà nínú Píjò 504. Ẹ ò rí i pé Píjò tí a mọ̀ nílé náà dé ibẹ̀! Ọkọ̀ wọn bàjẹ́, àwọn yòókù sì ti lọ. Ọjọ́ mẹ́fà ni a kò gbúròó wọn, kí àwọn ológun Àlùjẹ́ríà tó fi ọkọ̀ òfurufú wá wọn rí. Ẹnìkan lè sọ pé torí ọmọ ta ni ni wọ́n ṣe wá a tó bẹ́ẹ̀. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí tálákà náà lè ṣe bíi tiwọn: wọn ò kúrò nídìí ọkọ̀ wọn. Láti òkè, mọ́tò rọrùn láti rí, ènìyàn tó ń rìn nínú iyanrìn kò ju èèrà lọ. Mọ́tò sì ń fúnni ní ìbòòji.

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tó ń dun ni. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ní àríwá Niger, nítòsí ibi tó ti bá Àlùjẹ́ríà pààlà, wọ́n rí òkú ènìyàn 92. Obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gbé wọn lọ, ọkọ̀ bàjẹ́, omi tán, wọ́n bá tú ká, wọ́n ń fẹsẹ̀ wá omi kiri. Òùngbẹ ló pa wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti kọjá kí wọ́n tó rí òkú wọn. Ìjọba Niger ní kí gbogbo ìlú ṣọ̀fọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Èyí ló yí èrò mi padà jù. Àwọn ènìyàn yẹn kò dá rìn, wọ́n kún inú ọkọ̀ fọ́fọ́. Síbẹ̀, wọ́n dá wà. Ìrìn bòókẹ́lẹ́ ni, ẹni tí ì bá figbe ta ní ọjọ́ kejì pé wọn ò tíì dé kò sí. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, kò sí ẹni nínú wa tí kò mọ ẹnìkan ládùúgbò tó ń sọ pé òun máa gba ọ̀nà ilẹ̀ lọ sí Líbíà. Ẹ fi ìtàn yìí hàn án. Ẹ má bá a jà, ẹ ṣáà fi hàn án.

Àwọn tiwa tó dá rìn tí wọ́n sì dé, ẹ jẹ́ ká dárúkọ wọn. Ọlábísí Àjàlá, tí a fi ń pe gbogbo alárìnkiri ní Àjàlá, gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles ní ọdún 1952, kó tó wá fi Vespa káàkiri ayé. Ní àárín àwọn ọdún 1960, Newton Jibunoh, ọmọ Akwukwu-Igbo, nìkan wakọ̀ Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá láti Lọ́ńdọ̀nù la Sàhárà wá sí Èkó. Ohun tó rí nínú aṣálẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, ó padà dá ẹgbẹ́ FADE sílẹ̀, tó ń gbin igi láti dá aṣálẹ̀ dúró. Ní ọdún 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó ní ọjọ́ 41, láti fi kówó jọ fún ìgbógunti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Pẹ̀lúmi Nubi, obìnrin, tó gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 2024 nínú Píjò 107 kékeré, tó sọ inú ọkọ̀ náà di ibi tó lè sùn. Ó la aṣálẹ̀ kọjá ní àlàáfíà. Orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire ló dé tó forí ọkọ̀ sọ tírélà tó dúró sójú títì. Aṣálẹ̀ kò pa á, ọ̀nà ọlọ́dà ló fẹ́ pa á! Orí yọ ọ́, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin. Ní gbogbo ọ̀nà, àwọn èèyàn ń tẹ̀ lé e lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀, òun nìkan kọ́ ló ń rìn.

Igi kasíà kan wà nínú aṣálẹ̀ Ténéré ní Niger láyé àtijọ́. Òun nìkan ni igi ní gbogbo àyíká náà, tó fi jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ wà nínú àwòrán ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1930, wọ́n rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ti wọlẹ̀ ju mítà 30 lọ, ó ti bá omi. Ohun tó fi ń dá dúró nìyẹn. Awakọ̀ lọ́rì kan ló padà kọlù ú wó ní ọdún 1973, gbogbo ilẹ̀ gbalasa yẹn ò tó o. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Niamey ni wọ́n gbé igi gbígbẹ náà lọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ dá rìn, kó kọ́kọ́ wá gbòǹgbò. Kó gbé omi ju èyí tó rò pé òun nílò lọ. Lítà márùn-ún lójúmọ́ fún ẹnìkan kò pọ̀ rárá nínú ooru. Kó sọ fún ẹnìkan ọ̀nà tó máa gbà, ọjọ́ tó máa dé, àti wákàtí tí wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́, kó jókòó tì í. Fóònù dára o, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ibi ni nẹ́tíwọ̀kì kò dé. Kì í ṣe Sàhárà nìkan ni mo ń wí. Àní ẹni tó ń lọ sí àgọ́ àgùnbánirọ̀ tàbí tó ń dá wakọ̀ relé ní ìparí ọ̀sẹ̀, kó sọ fún ará yàrá rẹ̀ kó tó jáde. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan wà nílé tó ń ka wákàtí dè wá.