Ìwàǹwára Kì í Ṣe Ọ̀kánjúwà

Owó kòkó kì í wọlé díẹ̀díẹ̀ bí owó oṣù. Àgbẹ̀ Ìdànrè a máa dúró de ìkórè, lẹ́yìn náà owó gọbọi á dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́dún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 10,000 lọ́jà àgbáyé. Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó rí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, nítorí tẹlifóònù inú àpò ti di ìsọ̀.

Bí nọ́ọ̀sì kan ní Odòde Ìdànrè bá wá fẹ́ ṣàlàyé fún ẹbí kan ìdí tí ọmọ wọn fi fi gbogbo owó kòkó ta tẹ́tẹ́, ọ̀rọ̀ wo ni yóò lò? Àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ti rí i pé àwọn ìṣesí kan máa ń ṣáájú ìṣòro tẹ́tẹ́. (Mo yan “ìṣesí” nítorí pé “ìwà” ti wúwo jù lẹ́nu wa, ẹni tí a bá fi ìwà rẹ̀ sẹ́nu, a ti dá a lẹ́jọ́ nìyẹn.) Olórí nínú àwọn ìṣesí náà ni kí ènìyàn máa gbé ìgbésẹ̀ kó tó ronú. Ọ̀pọ̀ wa ló ń pe èyí ní ọ̀kánjúwà. N kò gbà.

Ní ìlú Dunedin, lórílẹ̀-èdè New Zealand, àwọn olùwádìí ti ń tẹ̀ lé ìgbésí ayé àwọn ọmọ 1,037 tí wọ́n bí ní 1972 sí 1973. Wendy Slutske àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2012 lórí wọn: àwọn tí ara wọn kì í balẹ̀, tí inú wọn tètè ń ru nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún 3, ni tẹ́tẹ́ sábà di ìṣòro fún ju àwọn yòókù lọ nígbà tí wọ́n pé ọdún 21 àti 32. Ọmọ ọdún 3! Kò tíì mọ náírà yàtọ̀ sí bébà lásán. Ta ni yóò pè é ní ọ̀kánjúwà? Ìwàǹwára ni ọ̀rọ̀ tó bá a mu. A lè rí ẹni tí ohun ìní kò jẹ lọ́kàn rárá, síbẹ̀ tí ìka rẹ̀ á ti tẹ tẹlifóònù kí ọkàn rẹ̀ tó dá sí i.

“Ìkóra-ẹni-níjàánu” dára fún òdì kejì ìwàǹwára, ṣùgbọ́n kí nọ́ọ̀sì ṣọ́ra: èébú ni “aláìníjàánu”. Kó kúkú sọ pé kò rọrùn fún ọmọ yín láti kó ara rẹ̀ níjàánu.

Bí tẹ́tẹ́ bá wá di àìsàn, kí ni orúkọ rẹ̀? Títí di 2013, àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà kò ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí àti oògùn olóró nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà wọn; ọdún náà ni wọ́n kó wọn pọ̀. Yorùbá ti kó wọn pọ̀ tipẹ́: ọtí di bárakú, sìgá di bárakú, tẹ́tẹ́ di bárakú. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni “kú” tó wà nídìí “bárakú”, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ mo fara mọ́ ọn, bí a bá ti ń lò ó pẹ̀lú “di”: ohun tó di bárakú fún ènìyàn ti ní ìgbà kan tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn atatẹ́tẹ́ fúnra wọn ló ní ọ̀rọ̀ tó kù. “Kí n ṣáà gba owó mi padà”: odidi ìwé ni olùwádìí Henry Lesieur kọ lórí ìlépa yìí ní 1977. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fi ọ̀rọ̀ náà béèrè bó ṣe wà, láìpe ẹnikẹ́ni ní atatẹ́tẹ́: “Ẹ̀gbọ́n, bí owó bá lọ lónìí, ṣé ẹ máa ń padà síbẹ̀ lọ́la kí ẹ lè gbà á?”