Agbárí Ihò Eléérú: ohun tí egungun orí, àgbọ̀n àti eyín lè sọ fún wa

Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí yóò gbà pé àpáta àti ènìyàn ti jọ ń gbé pọ̀ tipẹ́ ní agbègbè yìí. Orí òkè náà ni àwọn ará Ìdànrè wà títí di ọdún 1923 kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2007, Nàìjíríà fi orúkọ òkè náà sínú ìwé àwọn ibi tó fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo àgbáyé. Ṣùgbọ́n tí a bá ń wá ẹni tó ti fi abẹ́ àpáta ṣe ibùgbé ní ìpínlẹ̀ Oǹdó láti ayébáyé, a ní láti kọjá Ìdànrè lọ sí agbègbè Ìsàrun, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Ibẹ̀ ni Ihò Eléérú wà, èyí tí àwọn ìwé òyìnbó ń kọ ní Iwo Eleru.

Ní ọdún 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ wa ilẹ̀ abẹ́ àpáta náà. Àwọn òkúta tí ọwọ́ ènìyàn ti gbẹ́ ṣe irinṣẹ́ tí wọ́n rí níbẹ̀ lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti kan egungun ẹnì kan tí wọ́n sin: agbárí rẹ̀, apá kan nínú àgbọ̀n ìsàlẹ̀ pẹ̀lú eyín, àti díẹ̀ nínú egungun ara yòókù. Wọ́n fi èédú inú ilẹ̀ náà ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ọdún. Ó wà lára egungun ènìyàn tó pẹ́ jùlọ tí a mọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Kí ni egungun orí lè sọ fún wa? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo bí Ẹlẹ́dàá ṣe to orí ènìyàn.

Egungun méjìlélógún ló para pọ̀ di agbárí. Mẹ́jọ nínú wọn ló yí ọpọlọ ká bí igbá: èyí tó wà níwájú orí, méjì tó di àtàrí, méjì tó wà lápá etí, ìpàkọ́, àti méjì tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ. Mẹ́rìnlá yòókù ló ṣe ojú, imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n. Nígbà tí a bá bí ọmọ, àwọn egungun àtàrí rẹ̀ kò tíì so pọ̀. Àlàfo tó rọ̀, tó ń mí sókè mí sódò láàárín wọn ni àwọn ìyá wa ń pè ní àwùjẹ̀. Àlàfo yìí ló ń jẹ́ kí orí ọmọ lè fún pọ̀ lójú ara ìyá, kí ọpọlọ sì ráàyè dàgbà. Èyí tó wà níwájú sábà máa ń dí kí ọmọ tó pé ọdún méjì. Bí ènìyàn bá ti ń dàgbà, ojú ibi tí àwọn egungun náà ti pàdé á máa pa rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nípa èyí, onímọ̀ lè fojú díwọ̀n ọjọ́ orí òkú.

Nínú gbogbo egungun wọ̀nyí, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ nìkan ló ń ṣí tó sì ń padé. Láìsí i, a kò lè jẹun, ọ̀rọ̀ kò sì lè já gaara lẹ́nu wa. Ṣóńṣó tó yọ síwájú lábẹ́ ètè wa kò sí lára ọ̀bọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lára àwọn ẹ̀yà ènìyàn àtijọ́ tó ti parun. Àmì ènìyàn òde òní ni.

Eyín ló ń pẹ́ jùlọ nínú ilẹ̀. Ogún ni eyín ọmọdé. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́fà ni ti àgbà ti ń rọ́pò rẹ̀, títí yóò fi pé méjìlélọ́gbọ̀n: mẹ́jọ tó ń gé oúnjẹ níwájú, mẹ́rin tó rí ṣóńṣó, mẹ́jọ tó tẹ̀ lé wọn, àti méjìlá ńláńlá tó ń lọ oúnjẹ lẹ́yìn. Èyí tó ń kẹ́yìn nínú wọn lè má hù títí ènìyàn yóò fi lé ní ogún ọdún. Èèpo funfun ara eyín ló le jùlọ nínú gbogbo ara ènìyàn, ṣùgbọ́n bí ó bá ti jẹ, kì í hù padà. Nítorí náà, eyín tó ti jẹ lè sọ irú oúnjẹ tí olówó rẹ̀ ń jẹ àti ìyà tó ti jẹ rí.

Kí ló wá dé tí egungun àtijọ́ fi ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ wa? Òjò púpọ̀ àti ilẹ̀ kíkan inú igbó ń jẹ egungun run. Abẹ́ àpáta tí òjò kò dé ló kó ti Ihò Eléérú yọ.

Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ tí Katerina Harvati ṣáájú wọn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Caleb Folorunso ti Yunifásítì Ìbàdàn sì wà lára wọn, gbé àbájáde ìwádìí tuntun jáde. Wọ́n fi ọ̀nà mìíràn yẹ egungun náà wò, wọ́n sì sọ pé ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín 11,700 sí 16,300 ọdún. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni ìrísí rẹ̀. Agbárí náà gùn, kò ga, iwájú orí rẹ̀ sì dà sẹ́yìn. Ó jọ ti àwọn ènìyàn tó ti gbé ayé ṣáájú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún ju bó ṣe jọ tiwa lọ. Èyí fi hàn pé ìtàn ènìyàn ní Áfíríkà kò rìn ní ojú ọ̀nà kan ṣoṣo.

Ibí yìí ló yẹ kí a ti ṣọ́ra. Àwọn òyìnbó kan ti fi ìwọ̀n agbárí pe ènìyàn dúdú ní aláìlóye rí, irọ́ sì ni. Àwọn àgbà wa ní orí burúkú kì í wú tuulu. Bẹ́ẹ̀ ni ìrísí agbárí kì í sọ ẹni tó gbọ́n. Kò sì lè sọ èdè tí olówó rẹ̀ ń sọ. Kò sí ẹni tó lè fi egungun yìí nìkan sọ pé Yorùbá ni, tàbí pé kì í ṣe baba ńlá wa. Ohun tó dájú ni pé ènìyàn ti wà nínú igbó yìí tipẹ́, ó ń ṣe irinṣẹ́, ó sì ń sin òkú rẹ̀.

Kò sí ẹni tó mọ ohun tó tún wà lábẹ́ àwọn àpáta yòókù, láti Ìsàrun títí dé Ìdànrè. Bí àgbẹ̀, ọdẹ tàbí afọ́kùúta bá rí egungun nínú ihò, kó má ṣe fọ̀ ọ́, kó má ṣe kó o kúrò lójú kan. Kó fi tó ọlọ́pàá àti ọba ìlú létí, kí òkú tuntun má baà di ti àtijọ́. Bó bá jẹ́ ti àtijọ́, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí òfin ọdún 1979 dá sílẹ̀, ló yẹ kó gbọ́. Egungun tí a bá fi ọkọ́ fọ́ lónìí, ẹnu rẹ̀ ti pa dé nìyẹn. Kò lè jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni mọ́.