"Mo máa ń fi kún un ni": ìtàn ọ́ìlì inú alùpùpù ní agbègbè Mọ́níyà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo dúró díẹ̀ ní Mọ́níyà, níbi tí àwọn ọlọ́kadà tó ń ná ọ̀nà Ìjàyè máa ń kóra jọ sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó ti mẹkáníìkì, wọ́n ti tú ẹ́ńjìnì Bajaj Boxer rẹ̀ sílẹ̀ sórí páálí. Ara písítìnì ti ha, kámù orí ẹ́ńjìnì ti jẹ wọnú. Mo bi í pé ìgbà wo ló pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn. Ó ní, "Bàbá, mi ò kí ń pààrọ̀ ẹ̀, mo máa ń fi kún un ni." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì pè é ní òpè. Èmi ò lè bá wọn rẹ́rìn-ín, torí pé èsì tí ọmọ yẹn fọ̀, ní ogójì ọdún sẹ́yìn, èsì tó tọ̀nà ni. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní máṣíìnì. Ó ní bàbá òun ni. Bàbá yẹn ò purọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ẹ́ńjìnì ló yí padà, ẹ̀kọ́ ò yí padà.

Òpìtàn ni mí, ẹ bá mi fara dà á tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Kí ayé tó mọ ọ́ìlì tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ dáadáa, epo pupa wa wà lára ohun tí àwọn òyìnbó fi ń ra ẹ̀rọ wọn. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn onírélùwéè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń po epo pupa mọ́ ọ̀rá ẹran àti sódà, wọ́n á fi ra ibi tí ọ̀pá táyà ọkọ̀ ojú irin ti ń yí kó má baà gbóná jù. Òwò epo yìí wà lára ohun tó mú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861. Ẹ wá wo bí ọdún ṣe sún mọ́ra. Ní 1859 ni Edwin Drake gbẹ́ kànga epo rẹ̀ ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Ní 1860 ni ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ níhìn-ín, ní 1862 ni Ìbàdàn tú ìlú náà. Ojú ọ̀nà kan náà tí ọmọ yẹn ń ná lójoojúmọ́ la ń sọ yìí o. Epo Drake ló wá lé epo ọ̀pẹ kúrò nínú ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀. Epo inú èso ò sì tíì parẹ́ pátápátá nígbà tí alùpùpù dé ayé: orúkọ Castrol tí ẹ ń rí lára ike, ara "castor" ni wọ́n ti yọ ọ́, ìyẹn epo èso lárà, torí pé wọ́n po ó mọ́ ọ́ìlì náà níbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, kẹ̀kẹ́ Raleigh ni ọkọ̀ àgbẹ̀ tó bá rọ́wọ́ mú. Ẹni tó bá gun Vespa tàbí BSA, tísà àgbà ni, tàbí pásítọ̀, tàbí oníkòkó ńlá. Owó Údójì ló yí ọ̀ràn yẹn padà. Ìgbìmọ̀ Údójì jábọ̀ ní 1974, ìjọba sì san àjẹsílẹ̀ owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀ 1975. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí kò fọwọ́ kan irú owó bẹ́ẹ̀ rí ló gba ibẹ̀ lọ ra Honda, Suzuki tàbí Yamaha. Èmi náà ra Suzuki A100. Mo gùn ún títí táyà rẹ̀ fi dán bí orí àgbà.

Suzuki yẹn, tú-sítróòkù ni. Kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí wà níbẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnì tú-sítróòkù, ọ́ìlì kì í gbé ibì kan. Ó ń bá bẹntiróò wọlé, ó ń ra písítìnì bó ṣe ń kọjá, ó sì ń jóná bá a jáde. Ìdí nìyẹn tí èéfín fi ń tẹ̀ lé wa bí ìrù. Ẹni tó ní Vespa àtijọ́ á fọwọ́ ara rẹ̀ po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróò nínú táǹkì. Ti Suzuki àti Yamaha ní táǹkì ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, pọ́ǹpù kékeré kan á máa fà á sínú ẹ́ńjìnì. (Ọ̀pọ̀ nínú wa ò gbẹ́kẹ̀ lé pọ́ǹpù yẹn. A yọ ọ́ dànù, a padà sí pípò, torí tó bá fi lè kọṣẹ́ láìsọ fúnni, ẹ́ńjìnì gan nìyẹn.) Ọ́ìlì jíà wà nísàlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní èéfín tàbí iná tó ń bà á jẹ́, ó sì máa ń pẹ́. Nítorí náà, gbólóhùn kan péré ni òfin ọ́ìlì nígbà yẹn: má jẹ́ kó tán. Kí lèèyàn fẹ́ pààrọ̀? Ohun tó ti jóná!

Ẹ̀kọ́ yìí bá wa dé àkókò SAP. Lẹ́yìn 1986, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, alùpùpù tí bàbá fi ń lọ síbi iṣẹ́ di ohun tí ọmọ fi ń gbé èrò. Orúkọ ọ̀kadà, inú àwàdà ló ti wá: iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air ti Olóyè Gabriel Igbinedion ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀, pé ẹni tí kò rówó wọ bààlúù, kó wá gun tiwa. Lẹ́yìn náà ni Jincheng AX100 dé láti Ṣáínà. Àwòrán Suzuki A100 ni wọ́n tẹ̀ lé ṣe é, tú-sítróòkù sì ni òun náà. Bẹ́ẹ̀ ni òfin "má jẹ́ kó tán" ṣe rí ẹ̀mí lò fún ìran mìíràn.

Àwọn fọ́ọ̀-sítróòkù ló wá da ọ̀rọ̀ rú, ìyẹn àwọn alùpùpù Ṣáínà tí wọ́n ṣe ní àwòkọ Honda CG125, àti Bajaj Boxer láti Íńdíà. Nínú fọ́ọ̀-sítróòkù, ọ́ìlì ò jóná. Inú ẹ́ńjìnì ló ń gbé. Nǹkan bíi lítà kan péré ni, òun nìkan ló sì ń ra písítìnì, tó ń ra kámù, tó ń ra jíà, tí kílọ́ọ̀ṣì tún ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Gbogbo èérú iná, gbogbo ìyẹ̀fun irin, gbogbo bẹntiróò tó bá jò sísàlẹ̀, inú lítà kan yìí náà ni wọ́n ń kó sí. Ẹni tó bá ń fi kún un láìdà á nù, bí ẹni tó ń da omi tuntun sórí omi ìfọṣọ àná ni. Ọ̀pá ìwọn á sọ pé ọ́ìlì pé. Irọ́ ò sí níbẹ̀, ó pé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ìwọn ò mọ ọ́ìlì tó ti kú.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni ti CG125 fúnra rẹ̀, tí Honda gbé jáde ní 1976. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Honda ti rí i pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, àwọn èèyàn ń di ẹrù tó ju agbára alùpùpù lọ, wọn ò sì tètè pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnì tí kámù rẹ̀ wà lókè orí, tí ṣéènì ń yí, ló kọ́kọ́ ń kú tí ọ́ìlì bá dọ̀tí. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni ní òpè. Wọ́n gbé kámù sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá gbọọrọ méjì ti fáàfù láti ibẹ̀, bí ẹ́ńjìnì àtijọ́. Ẹ ò rí i pé ọlọ́gbọ́n èèyàn ni wọ́n? Wọ́n rí àṣà, wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó lè bá àṣà náà gbé. Boxer ní tirẹ̀, orí ni kámù rẹ̀ wà. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ epo bẹntiróò, àwọn ọlọ́kadà sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn, ṣùgbọ́n kò gbọ́ èdè "fi kún un". Kámù tí mo rí tó jẹ lórí páálí ní Mọ́níyà, ohun tí Honda ti ń sá fún láti 1976 nìyẹn.

Irú ọ́ìlì wo wá ni? Èmi náà ti ṣìnà rí. Ní nǹkan bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, mo ra fọ́ọ̀-sítróòkù kan tí mo fi ń lọ sóko. Ọ́ìlì mọ́tò kù nílé, gidi ni, owó ńlá ni mo fi rà á, wọ́n kọ ọ́ sára ike pé ó ń dín bẹntiróò kù. Mo dà á sínú alùpùpù. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, tí mo bá ń gun òkè, ẹ́ńjìnì á máa ké, táyà ò ní fẹ́ lọ. Kílọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀. Ọ́ìlì tó ń dín bẹntiróò kù, ohun tó ń mú nǹkan yọ̀ ni wọ́n fi sí i. Mọ́tò ò ní wàhálà pẹ̀lú ìyẹn, torí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gbẹ, kò sí nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ará Japan fi gbé ìwọ̀n JASO ti alùpùpù kalẹ̀ ní 1998. MA ni ti alùpùpù tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà nínú ọ́ìlì. MB máa ń yọ̀ jù fún irú rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ike kí ẹ tó sanwó.

Ti nọ́ńbà, ẹgbẹ́ SAE ní Amẹ́ríkà ló ti gbé e kalẹ̀ láti 1911 láti fi mọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó. W inú 20W-50, ti wíńtà ni, ìgbà òtútù. Àwọn àgbà mẹkáníìkì fẹ́ràn 40 lásán, mi ò sì ní bá wọn jà, torí ilẹ̀ wa ò tutù. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń gbé gàrí àti èèyàn méjì láti Mọ́níyà gba Ìjàyè dé Ìṣẹ́yìn, ọ̀nà kìlómítà 65, 20W-50 ni mo fọwọ́ sí àfi tí ìwé alùpùpù bá sọ nǹkan mìíràn: ó tètè ń dé òkè láàárọ̀, kì í sì í ṣàn bí omi tí oòrùn ọ̀sán bá mú. Lẹ́tà API náà ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá rí SA tàbí SB, ẹ gbé e padà sórí tábìlì, ti ẹ́ńjìnì ìgbà tí a ò tíì gba òmìnira nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ fítà, ibẹ̀ ni mo ti ń bá àwọn ọ̀dọ́ jà jù. Ọ̀pọ̀ ń wá fítà ọ́ìlì oníwèé kiri fún alùpùpù tí kò ní in. CG125 àti àwọn àwòkọ rẹ̀ ò ní oníwèé: asẹ́ wáyà ni wọ́n ní nísàlẹ̀, àti ife irin kan tó ń yí, tó ń ju ìdọ̀tí mọ́ ògiri ara rẹ̀. Wọn kì í pààrọ̀ rẹ̀, fífọ̀ ni wọ́n ń fọ̀ ọ́. Àwọn mẹkáníìkì kì í fẹ́ ṣí i, wọ́n ń bẹ̀rù kí gásíkẹ́ẹ̀tì má ya. Fítà afẹ́fẹ́ ló tún burú jù. Àwọn ọmọ yìí ń yọ fóòmù rẹ̀ dànù, wọ́n ní ẹ́ńjìnì ń mí dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ eruku pupa ọ̀nà oko Akínyẹlé nígbà ọyẹ́, ẹ rò ó wò. Eruku yẹn á wọlé, á pò mọ́ ọ́ìlì, á di nǹkan tí wọ́n fi ń lọ irin. Kò sí ọ́ìlì olówó ńlá tó lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ fóòmù, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ ra á, kí ẹ fún un.

Mo sọ fún mẹkáníìkì yẹn pé kó má pe ọmọ náà ní òpè mọ́, torí owó náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé ìfọpo Kàdúná tí wọ́n ṣí ní 1980 ní apá tí wọ́n kọ́ fún ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, ṣùgbọ́n epo tiwa fúyẹ́ jù fún un. Láti òkè òkun ni wọ́n ti máa ń ra epo kíki wá fún un nígbà yẹn. Lónìí, owó dọ́là ló ń sọ iye tí ọ́ìlì á jẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, tí náírà sì já, lítà kan ti di owó oúnjẹ ilé. Ìdí nìyẹn tí ọjà fi wà fún ọ́ìlì kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù. Àwọn káfíńtà ń rà á láti fi lé ikán lára pákó, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń rọ ọ́ sínú ike tó lórúkọ. Tí ẹ bá da ọ́ìlì yín tán, ẹ gún ike náà kí ẹ tó jù ú nù.

Ọmọ náà ní mítà òun ti kú, báwo lòun á ṣe mọ ìgbà tó yẹ kóun pààrọ̀? A jọ ṣírò rẹ̀: ó ń rìn bíi kìlómítà 100 lójúmọ́, ogúnjọ́ iṣẹ́ á jẹ́ 2,000. Mo ní kó má jẹ́ kó kọjá ìyẹn, kó sì tètè ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ tó bá ń gbé ẹrù ẹ̀gẹ́. Ó mú ṣọ́ọ̀kì mẹkáníìkì, ó kọ déètì sábẹ́ ìjókòó.

Mo ti fẹ́ máa lọ nígbà tó tún pè mí padà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, Jincheng bàbá mi wà lóko, a ṣì ń gùn ún. Òun náà ń kọ́?"

Mo ní, "Ìyẹn? Máa fi kún un."