Òru Lórí Ọ̀sà: Bí Àwọn Baba Wa Ṣe Ń Lọ Láti Àjàṣẹ́ sí Èkó

Ọ̀nà omi la fẹ́ rántí lónìí.

Erékùṣù ni Èkó. Kí ọ̀nà mọ́tò tó dé, orí ọ̀sà ni ará Àjàṣẹ́ tó ń lọ síbẹ̀ ń gbà, òru sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń rìn. Láti Àjàṣẹ́ dé Àgbádárìgì tó nǹkan bíi 30 kìlómítà, láti ibẹ̀ dé Èkó sì tó nǹkan bíi 60. Ọkọ̀ igi tó ru epo pupa àti èkùrọ́ kì í sáré. Ẹni tó bá ṣí ní Àjàṣẹ́ nírọ̀lẹ́, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò fojú kan Àgbádárìgì. Yóò sinmi níbẹ̀, yóò nájà, kó tó tún dúró de alẹ́ mìíràn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òru? Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ òkun a máa le, ìgbì a sì máa da omi sínú ọkọ̀ tí ẹrù ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Tó bá di alẹ́, afẹ́fẹ́ á rọ̀, omi á tòrò, oòrùn kò sì ní pa atukọ̀.

Ṣùgbọ́n ìrìn òru gba ìmúrasílẹ̀. Wọ́n ń ka òṣùpá kí wọ́n tó dá ọjọ́, nítorí àkàjà, àwọn ẹ̀ka igi tí apẹja ń rì mọ́ inú omi kí ẹja lè sá wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ tó bá kọlù ú nínú òkùnkùn, ó di kó há síbẹ̀. Wọ́n ń wo ìhà ìlà-oòrùn, torí ibẹ̀ ni ìjì ńlá ti ń bọ̀ nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ń mú ìgbòkun, àjẹ̀ àti ọ̀pá gígùn dání, torí ọ̀sà kò jìn púpọ̀, ọ̀pá ń kanlẹ̀ níbi púpọ̀. Àwọn Ẹ̀gùn mọ omi yìí bí ẹni mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá sì ń wọkọ̀ wọn.

Omi fúnra rẹ̀ mọ Èkó. Kí Faransé tó la ojú omi Kútọnù ní 1885, ẹnu Èkó ni ọ̀pọ̀ omi odò Ouémé ń gbà bọ́ sínú òkun.

Ọ̀nà yìí kan náà ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà láti Èkó wá yìnbọn lu Àjàṣẹ́ ní 1861. Lọ́dún náà ni wọ́n gba Èkó. Ní 1863, Àjàṣẹ́ bọ́ sábẹ́ ààbò Faransé. Nígbà tó di ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, 1889, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé kan tó fa ààlà gba ibi odò Àjàrá. Ìpókíá bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Àjàṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìlà náà kò béèrè ta ni àna ta.

Láti ìgbà náà ni ìtumọ̀ òru ti yí padà. Ọkọ̀ kan náà, ẹrù kan náà, òṣùpá kan náà. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ọgbọ́n atukọ̀ lánàá di ohun tí aṣọ́bodè ń fura sí. Ẹni tó ń sá fún ìgbì di ẹni tí wọ́n ní ó ń sá fún owó ibodè.

A kò sọ pé kò sẹ́ni tó ń ṣe fàyàwọ́ lórí ọ̀sà. Ohun tí à ń sọ ni pé ọ̀nà ọjà àti ọ̀nà ẹbí ni omi yìí kí ó tó di ibodè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ ìkẹyìn bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà tó ṣì wà nílé léèrè orúkọ àwọn èbúté tí òbí wọn ń yà sí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.