Àlejò Ló Ni Fèrè

Nígbà tí James Naismith dá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, nínú oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1891, òfin 13 ló kọ sílẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ èso méjì tí wọ́n kọ́ sókè ni gbogbo ayé ń rántí, torí òun ló fún eré náà lórúkọ. Ní tèmi, òfin kẹwàá àti ìkọkànlá ló wù mí jù. Inú wọn ni Naismith ti yan onídàájọ́ méjì: ọ̀kan á máa ṣọ́ àwọn ènìyàn, á máa ka ẹ̀ṣẹ̀ wọn, èkejì á máa ṣọ́ bọ́ọ̀lù àti aago. Ó ti mọ̀ pé ojú tó bá ń wo bọ́ọ̀lù kò ní rí ìgúnpá tó ń gún ẹlòmíràn níhà.

Lórí pápá oníkọnkéré kan tí kò jìnnà sí Abossey Okai, ní Accra, níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ rẹfirí láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn: gbójú kúrò lára bọ́ọ̀lù. Àwa méjì la máa ń jọ ṣe é. Ọ̀kan á dúró nítòsí agbọ̀n, èkejì á máa tẹ̀lé eré bọ̀ lẹ́yìn, a ó sì pín pápá láàárín ara wa bí ẹni pín oko. Ìkúùkù ni à ń nà sókè bí ẹnìkan bá ṣe fáòlù. Bó bá jẹ́ pé ó kàn gbé bọ́ọ̀lù rìn ni, àtẹ́lẹwọ́ ni. Lẹ́yìn náà la ó lọ fi ìka sọ nọ́ńbà ẹni tó ṣẹ̀ fún àwọn akọ̀wé nídìí tábìlì. Ó le ju bó ṣe rí lójú lọ, pàápàá nígbà tí ariwo àwọn tó ń lu irin ní ọjà páàtì ọkọ̀ bá bo fèrè mọ́lẹ̀.

Òfin kan wà nínú ìwé FIBA, àjọ tó ń darí eré yìí lágbàáyé láti ọdún 1932, tó mú mi ronú: rẹfirí kò gbọdọ̀ ní àjọṣe kankan pẹ̀lú ìkankan nínú ẹgbẹ́ méjèèjì. Lọ́rọ̀ kan, àlejò ló gbọ́dọ̀ jẹ́.

"Alátá" ni àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ń pè mí. Bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá ní Ghana nìyẹn, kò sì sí ẹ̀gàn níbẹ̀ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó bá ń gbé ìlú yìí mọ ohun tí jíjẹ́ àlejò ti fojú wa rí. Ní ọjọ́ 18, oṣù Bélú, ọdún 1969, ìjọba Busia fún gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gbà á tàbí kí wọ́n kúrò. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti Ìlọrin tó ti ń tajà níbẹ̀ láti ayé bàbá wọn di ẹrù. Ní 1983, ìjọba Shagari lé àwọn ọmọ Ghana kúrò ní Nàìjíríà, àwa náà sì fi ọ̀rọ̀ wọn sọ báàgì lórúkọ. Lójú ọjà, ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn jẹ́ àlejò. Lórí pápá, òun ni ẹ̀rí pé o yẹ fún iṣẹ́.

Síbẹ̀, àlejò nìkan kò tó bí wọ́n bá lè gba fèrè lọ́rùn rẹ̀. Ẹ wo Munich, 1972, àṣekágbá Òlíńpíìkì láàárín Amẹ́ríkà àti Soviet Union. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ló kù, Amẹ́ríkà fi ayò kan ṣáájú, 50 sí 49. Renato Righetto láti Brazil àti Artenik Arabadjian láti Bulgaria ni rẹfirí. Àwọn Soviet ju bọ́ọ̀lù sínú eré, ṣùgbọ́n Righetto dá eré dúró nígbà tó ku àáyá kan, torí rúgúdù tó bẹ́ sílẹ̀ nídìí tábìlì: àwọn Soviet ní àwọn ti béèrè fún ìsinmi. Ìgbà náà ni William Jones, akọ̀wé àgbà FIBA, sọ̀kalẹ̀ láti ìjókòó rẹ̀, ó ní kí wọ́n dá àáyá mẹ́ta padà. Òfin kò fún un láṣẹ láti dá sí eré tó ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n tún un gbá, aago kò tíì tò. Wọ́n tún tún un gbá. Lẹ́ẹ̀kẹta, Aleksandr Belov sọ ọ́ sínú agbọ̀n, 51 sí 50. Amẹ́ríkà pẹjọ́. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún dá ẹjọ́ náà nù, mẹ́ta sí méjì. Àwọn mẹ́ta náà wá láti Cuba, Hungary àti Poland, ọ̀rẹ́ Soviet ni gbogbo wọn.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn Soviet lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi tí wọ́n béèrè. Kì í ṣe ìyẹn ló ń dùn mí. Àgbà kan dìde, gbogbo ojú sì kúrò lára ẹni tí fèrè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Bàbá kan wà ní pápá tiwa, oníṣòwò páàtì, òun ló ra agbọ̀n méjèèjì. Bí mo bá fọn fèrè sí ọmọ tirẹ̀ tí ó sì dìde, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ta ló fẹ́ sọ fún irú bàbá bẹ́ẹ̀ pé kó jókòó? Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ wa ní ọgbọ́n tirẹ̀: kí eré tó bẹ̀rẹ̀, á lọ kí bàbá náà dáadáa, á béèrè àlàáfíà ilé, lẹ́yìn ìyẹn, kò ní wo ìhà ibẹ̀ mọ́ títí eré á fi parí.

Ọjà tó wà nítòsí náà ní òfin tirẹ̀. Òfin 865 ti ọdún 2013 sọ pé ọmọ Ghana nìkan ló lè máa tajà nínú ọjà. Àjèjì tó bá fẹ́ ṣòwò ọjà títà gbọ́dọ̀ mú mílíọ̀nù kan dọ́là wá, kó sì gba ọmọ Ghana 20 síṣẹ́. Ẹ lè ní kò bá àdéhùn ECOWAS mu, ẹ sì lè ní onílé ló ń ṣòfin ilé. Ṣùgbọ́n ní Accra àti Kumasi, ó ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò fúnra wọn ló gbé àgádágodo lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tó wà nínú ìdíje ló fọn fèrè yẹn, ohun yòówù kí òfin wí.

Nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ọ̀gá rẹfirí ló ń fọwọ́ sí ìwé àbájáde kẹ́yìn. Righetto kọ̀, kò fọwọ́ sí ti Munich. Wọ́n gba àbájáde náà wọlé bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà kò lọ gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà wọn títí dòní, Kenny Davis, balógun wọn, sì kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé ìyàwó àti àwọn ọmọ òun kò gbọdọ̀ gbà á láéláé.