Ìtàn Géètì Lọ́jíkì: Láti Inú Ìrònú Olùkọ́ dé Inú Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà

Ìfáárà
Géètì lọ́jíkì ni ẹ̀yà kékeré tí ń ṣe ìpinnu nínú kọ̀ǹpútà. Ó ń gba àmì iná mànàmáná wọlé, ó sì ń fi àmì kan ṣoṣo dáhùn: 1 bí iná bá wà, 0 bí kò bá sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọn onímọ̀ iná ni wọ́n dá ìlànà rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé inú ìwádìí nípa ìrònú ọmọ ènìyàn ni ó ti ṣẹ̀, àti pé ó ju 80 ọdún lọ kí ó tó di ohun èlò iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Boole àti Ìṣirò Ìrònú
Ìlú Lincoln ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí George Boole sí ní ọdún 1815. Aránbàtà ni baba rẹ̀. Boole kò lọ sí yunifásítì. Ọmọ ọdún 16 ni ó ti di olùkọ́ kí ó lè gbọ́ bùkátà ìdílé rẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ kọ́ ìṣirò gíga. Ní ọdún 1849, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Queen's College, Cork, ní Ireland. Nínú àwọn ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1847 àti 1854, ó ṣàlàyé pé a lè fi ìṣirò yẹ gbólóhùn wò: òótọ́ jẹ́ 1, irọ́ jẹ́ 0. 'Àti', 'tàbí' àti 'kì í ṣe' wá di ohun tí a lè ṣírò.

Láti Orí Ìwé sí Ojú Wáyà
Ní ọdún 1886, Charles Peirce, ọmọ Amẹ́ríkà, dábàá nínú lẹ́tà kan pé súwíìṣì iná lè ṣe irú ìṣirò yìí, ṣùgbọ́n a kò tẹ lẹ́tà náà jáde nígbà ayé rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, Akira Nakashima ní Japan, Victor Shestakov ní Rọ́ṣíà àti Claude Shannon ní Amẹ́ríkà dé ibẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti Shannon ni ó tàn kálẹ̀ jù. Kíláàsì fìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Michigan ni ó ti pàdé iṣẹ́ Boole. Ní ọdún 1937, ó lò ó nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè másítà rẹ̀ ní MIT.

Àlàyé náà kò le. Bí súwíìṣì méjì bá tẹ̀ lé ara wọn lójú wáyà kan, gílóòbù kò ní tàn àfi bí a bá tan méjèèjì: 'àti' nìyẹn. Bí wọ́n bá wà lórí ẹ̀ka wáyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan tó láti tan gílóòbù: 'tàbí' nìyẹn. Súwíìṣì tí ń gé iná nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ ni 'kì í ṣe'.

Ìdàgbàsókè
Lẹ́yìn èyí, ohun tí a fi ń ṣe súwíìṣì ni ó ń yí padà. Ìlànà rẹ̀ kò yí. Transistor dé ní ọdún 1947. Ní ọdún 1958, Jack Kilby kó ọ̀pọ̀ ẹ̀yà iná jọ sórí ègé kan ṣoṣo. Ṣáájú èyí, ní ọdún 1913, Henry Sheffer ti fi hàn lórí ìwé pé àmì kan péré lè ṣe iṣẹ́ gbogbo àwọn yòókù. Irú géètì kan náà, NOR, tí kì í mú 1 jáde àfi bí gbogbo ohun tó wọlé bá jẹ́ 0, ni a fi kọ́ lọ́jíkì kọ̀ǹpútà tó darí Apollo 11 lọ sí òṣùpá ní ọdún 1969.

Àgbálọgbábọ̀
Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Bí ó bá jẹ́ pé ìmọ̀ tó ní ọjà lójú ẹsẹ̀ nìkan ni ilé ẹ̀kọ́ fi kọ́ni, Shannon kì bá tí pàdé Boole nínú kíláàsì fìlọ́sọ́fì. Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe kánjú dá ẹ̀kọ́ tí kò ì tíì rí ìwúlò rẹ̀ nù. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni yóò rí i.