Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá: Bí A Ṣe Ń Ka Ìtàn Ṣọ̀pọ̀nná

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí ni mo máa ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi létí nígbàkígbà tí a bá jókòó láti jíròrò lórí ìwé ìtàn ìṣègùn. Ilé ẹjọ́ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́: ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ ni ó ń rojọ́, ẹni tí kò kọ nǹkan sílẹ̀ ni ẹ̀bi sì sábà máa ń dì lé lórí.

Lára àwọn ìwé tí a ti kà ni *Princes and Peasants*, tí Donald Hopkins kọ lórí ìtàn ṣọ̀pọ̀nná ní 1983. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn Dókítà Oguntola Sapara ni ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù láàrin wa. Freetown ni a ti bí i, Ìlú Ọba ni ó ti kọ́ṣẹ́, ó sì di oníṣègùn ìjọba ní Èkó ní 1896. Ó fi ọgbọ́n wọ inú awo Ṣọ̀pọ̀nná láìjẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí ó bá wá. Ẹ̀rí tí ó jẹ́ ni pé àwọn abọrẹ̀ ń fi èépá ara aláìsàn ran ẹlòmíràn. Ẹrù ẹni tí àìsàn náà bá pa sì rèé, ti abọrẹ̀ ni. Ìjọba amúnisìn sì wá fi òfin de ìsìn náà.

Níbí ni kíláàsì máa ń pín sí méjì. Àwọn kan a ní apànìyàn ni àwọn abọrẹ̀; àwọn kan a ní irọ́ ni wọ́n pa mọ́ wọn. Èmi a wá ní kí a ṣí ojú ìwé mìíràn. Kí àjàkálẹ̀ ṣọ̀pọ̀nná tó dé sí Boston ní 1721, ọmọ Áfíríkà kan tí wọ́n kó lẹ́rú, Onesimus, ti ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ̀, Cotton Mather, pé ní ilẹ̀ àwọn, wọ́n máa ń sín ènìyàn ní gbẹ́rẹ́, wọn a fi díẹ̀ nínú ọyún ara aláìsàn sí i, kí àìsàn náà má baà pa á lọ́jọ́ iwájú. Dókítà Zabdiel Boylston dán an wò. Nínú nǹkan bí 240 ènìyàn tí ó sín, 6 ni ó kú. Nínú àwọn tí ó lé ní 5,700 tí àìsàn náà mú fúnra rẹ̀, 844 ni ó kú. Ọdún 75 lẹ́yìn èyí ni Edward Jenner tó lo ti màlúù.

Ohun kan náà ni ó ti ara aláìsàn wá. Ní Boston, wọ́n pè é ní ìṣègùn. Ní Èkó, wọ́n pè é ní ìpànìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí a sín lè ko àìsàn náà ran aládùúgbò rẹ̀. Ohun tí Sapara rí lè jẹ́ òótọ́, kí ó má sì jẹ́ gbogbo òótọ́.

Ẹlẹ́rìí kan wà tí a kì í sábàá pè: èdè wa. A kì í dárúkọ àìsàn náà ní gbangba. Ilẹ̀gbígbóná tàbí olóde ni à ń pè é. A kì í sunkún ẹni tí ó bá pa. Ọpẹ́ ni à ń dá, òun ni a fi ń ki òrìṣà náà ní Alápa-dúpẹ́. Abọrẹ̀ ni ó ń gbé òkú náà lọ sin sínú igbó. Bí a bá wò ó fínnífínní, èrò kò péjọ síbi òkú, aṣọ àti ẹní aláìsàn sì kúrò nílé. Ẹni tí ó pe èyí ní ọgbọ́n ìdènà àrùn kò jayò pa. Ẹni tí ó rí ìwọra níbẹ̀ náà kò purọ́.

Ní 1970 ni a rí ṣọ̀pọ̀nná kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé. Àìsàn ti lọ, ẹjọ́ kò tíì tán. Àwọn àgbà tí ó fojú rí i, tí wọ́n sì mọ ohun tí abọrẹ̀ ń ṣe, ń dín kù lójoojúmọ́. Bí a kò bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn nísinsìnyí, kì í ṣe òyìnbó nìkan ni yóò jẹ́ agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá. Àwa náà yóò bá wọn jẹ ẹ́.